Ilé Ìwòsàn Ológun Tí Wọ́n Pa Tì: Ta Ló Lọ, Kí Ló Kù?

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Bí ọmọ aládùúgbò mi ṣe wọlé nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, fóònù lọ́wọ́. Fídíò ló fẹ́ kí n wò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń rìn kiri nínú ilé ràgàjì kan tí igi ti hù lórí òrùlé rẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan ṣoṣo dá dúró sí àárín yàrá ńlá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé ilé ìwòsàn àwọn ológun ni, ní Jámánì, pé òkú ń rìn níbẹ̀ lóru. Ọmọ náà da ìbéèrè mẹ́ta bò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló dé tí àwọn ṣọ́jà fi fi ilé tó tó báyìí sílẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé òkú wà níbẹ̀? Ṣé irú rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta níbí?

Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé e. Kì í ṣe òun nìkan. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà tó kàwé dáadáa pé bí wọ́n bá ti pa ilé ìwòsàn ológun tì, ohun búburú kan ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè é gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. Ilé ìwòsàn là ń pè é. "Ilé" ló ṣíwájú nínú orúkọ náà, nítorí náà bí a bá ti gbọ́ ọ, ògiri, fèrèsé àti géètì là ń rí lójú ọkàn wa. Kò burú fún ilé ìwòsàn ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ètò ológun, pàápàá èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ọmọ ogun wa, ilé kọ́ ni ilé ìwòsàn. Ènìyàn ni. Ẹgbẹ́ kan ni, tó ní dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbé aláìsàn, alásè, awakọ̀ àti akọ̀wé, pẹ̀lú àpótí oògùn, àgọ́, bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká àti gbogbo irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á fún ẹgbẹ́ yìí ní nọ́ńbà. Ibi tí ogun bá gbé wọn dé, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn wà. Wọ́n lè wà nínú àgọ́ lónìí, kí wọ́n bọ́ sínú ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbà fún wọn lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ fi wé àwọn onílù. Bí ẹgbẹ́ onílù bá wá lù ní agbo ilé yín, tí ilẹ̀ ṣú, tí wọ́n sì gbé ìlù wọn kọ́ apá lọ sílé, ṣé a máa sọ pé wọ́n pa ìlù tì? Rárá. Ìlù ti lọ. Agbo ilé ló kù, ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé ìwòsàn ológun. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú fídíò náà ń sọ pé àwọn wà nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n pa tì, ilé ìwòsàn náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́. Ibi tó fìdí lé ni wọ́n ń rìn nínú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí orúkọ ilé ìwòsàn ológun wa fi máa ń ní nọ́ńbà níwájú. 44 ni ti Kàdúná, 68 ni ti Yábàá l'Ékòó. Àwọn kan a máa béèrè ibi tí mẹ́tàlélógójì yòókù wà. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni, wọn kò kà á ní ení, èjì bí ẹni ka iṣu.

Ọ̀rọ̀ "áńbúláǹsì" náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tó ń ké fìì-fìì lójú títì ni. Lójú ogun, ẹgbẹ́ ènìyàn ni, ọkọ̀ lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí. Kó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ṣọ́jà kan tí ìbọn bà ní Bọ́mà ní ilẹ̀ Éṣíà (Myanmar lónìí) nígbà ogun Hítílà, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ síbẹ̀ wà nínú ìpín 81 àti ìpín 82. Aláǹtakùn ni àmì apá àwọn 81. Ní àfonífojì odò Kaladan tí wọ́n ti jà, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó dára. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Bí ìbọn bá ba ènìyàn níbẹ̀, dókítà tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun gan-an ló máa kọ́kọ́ di ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára rẹ̀. Wọ́n á wá gbé e lé sítírẹ́ṣà, ẹgbẹ́ áńbúláǹsì á gbà á, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbé e gba inú igbó àti odò kọjá. Ibùdó tí wọ́n ti ń ya àwọn tó fara gbọgbẹ́ sọ́tọ̀ ló kàn: ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún báyìí, ta ló lè dúró, ta ni kò ní pẹ́ kú. Bí wọ́n bá ti la ilẹ̀ tó fún ọkọ̀ òfurufú kékeré láti balẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n á gbé e sí lọ sẹ́yìn. Ìgbà náà ló tó dé ilé ìwòsàn gbogbogbòò tó ní wọ́ọ̀dù ńláńlá, tíátà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán egungun, àti nọ́ọ̀sì lóru àti lọ́sàn-án.

Bí ibùdó ṣe jìnnà sójú ogun tó ni ó ṣe ń tóbi tó, tó sì ń dà bí ilé gidi. Àwọn ti iwájú kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣí, àfi koríko tí wọ́n tẹ̀. Àwọn ti ẹ̀yìn, tó fi bíríkì tàbí páànù kọ́lé, ló ń fi ilé sílẹ̀ fún wa láti máa yà ní fídíò.

Èyí tó kàn wá jù nínú wọn wà ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn. 56 ni nọ́ńbà ilé ìwòsàn ológun tó wà níbẹ̀ nígbà ogun. Ogun parí ní ọdún 1945, àwọn ṣọ́jà ṣí kúrò, wọ́ọ̀dù òfìfo kù. Kí ni wọ́n fi ṣe? Ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1948 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga Yábàá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, lábẹ́ ọ̀gá àgbà wọn Kenneth Mellanby. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń di ọgbẹ́ ṣọ́jà ni àwọn ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹdó ti jókòó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti Látìnì, kí ibùdó tuntun tó parí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé ilé ìwòsàn ológun tí wọ́n fi sílẹ̀ wà nílẹ̀ wa, ẹ dá a lóhùn pé ó wà, àti pé òun ló bí yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọdé.

Ìgbòbí l'Ékòó náà kò jìnnà sí i. Ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ni, kó tó di ilé ìwòsàn egungun ní ọdún 1945. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ dídá lọ síbẹ̀.

Ó wá ku Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ jù. Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ kan pé ilé ìwòsàn Lántòrò lẹ ń lọ, ó lè gbé yín dé ibi tí ẹ kò fẹ́. Ilé ìwòsàn méjì ló wà ní àdúgbò yẹn tí wọn kò bá ara wọn tan. Àkọ́kọ́ ni Sacred Heart, ti ìjọ Àgùdà, tí Fadá Jean-Marie Coquard dá sílẹ̀ ní ọdún 1895. Òun ni wọ́n kà sí ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Kò bá ọ̀rọ̀ ológun tan rárá. Èkejì ni ẹ̀ka ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Àró. Ìtàn tiẹ̀ ló kàn wá.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ di ibùgbé fún àwọn ọmọ ogun tí ọkàn wọn ti dàrú, tí wọ́n dá padà láti ojú ogun. Ẹ ronú sí i. Ẹni tó lọ jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bọ́mà, tí ariwo bọ́ǹbù gba orun lójú rẹ̀, tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fọ́ yángá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé tí wọ́n rí fún un nígbà tó padà wálé ni ilé ẹlẹ́wọ̀n. N kò sọ pé ìkà ni gbogbo àwọn tó ṣe ètò náà. Nígbà yẹn, ibi méjì ni ìjọba ní fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi Lántòrò kún un: Kàlàbá tí wọ́n ṣí ní 1904, àti Yábàá tí wọ́n ṣí ní 1907. Ibi ìpamọ́ sì ni àwọn méjèèjì, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Síbẹ̀ ó ń dùn mí.

Ẹ kíyè sí i pé ìtàn Lántòrò jẹ́ òdìkejì ti Ẹlẹ́yẹlé. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ilé ìwòsàn jáde, ilé kù. Ní Lántòrò, ẹ̀wọ̀n jáde, ìtọ́jú ológun wọlé. Ilé kan náà lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n lánàá kó jẹ́ ilé ìwòsàn lónìí, bí ẹ̀wù tí ẹnìkan bọ́ tí ẹlòmíràn gbé wọ̀. Wọn kò sì pa Lántòrò tì. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀ di Àró. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo, ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Nígbà tó gba iṣẹ́ Àró ní ọdún 1954, kò fẹ́ kí aláìsàn wà nínú àhámọ́. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí Àró ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó ń sè fún wọn, kí wọ́n máa ṣe oko, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, kí wọ́n sì padà sáàárín ènìyàn. Ó tún bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé ló wá wò ó. Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ti ṣe ìpàdé ńlá wọn. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún, ìlú kan kúrò ní fífi ṣọ́jà sínú ilé ẹ̀wọ̀n, ó dé ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé inú fídíò. Beelitz ló ń jẹ́, kò jìnnà sí Berlin. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wádìí rẹ̀ ni pé ológun kọ́ ló kọ́ ọ. Àjọ adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ Berlin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1898 fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ikọ́ fée ń pa. Ilé bí 60 ló wà nínú igbó ńlá náà. Ọ̀nà ọkọ̀ àti ọ̀nà reluwé pín in sí mẹ́rin: ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, àwọn tí ikọ́ wọn ń ranni lọ́tọ̀, àwọn yòókù lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀dì 600 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó di 1,200 kí ọdún 1908 tó parí. Ó ní ilé iná mànàmáná tirẹ̀. Mo rántí alẹ́ tí mo fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́, torí pé kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ti ní iná tiwọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Mo ní kí ọmọ náà dá fídíò náà dúró. Mo ní kó wo ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé. Kò sí igun níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí inú igbá. Ó ní òun rò pé ẹwà ni. Ẹwà kọ́. Ìdọ̀tí máa ń sá sínú igun, ẹ̀rọ ìnulẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ tó bá ń nu inú igbá kò ní pàdé igun kankan. Mo ní kó wo fèrèsé, bó ṣe ga, bó ṣe dojú kọ gúúsù níbi tí oòrùn Jámánì máa ń gbà kọjá, àti ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí níta. Ọdún 1882 ni Robert Koch fi han ayé ní Berlin pé kòkòrò àrùn ló ń fa ikọ́ fée. Oògùn tó ń pa kòkòrò náà, streptomycin, kò jáde títí di 1943. Ọgọ́ta ọdún ó lé tí wọ́n fi mọ ọ̀tá wọn láìní ohun ìjà sí i. Nítorí náà afẹ́fẹ́, oòrùn, oúnjẹ àti ìsinmi ni oògùn, wọ́n sì kọ́lé kí ilé náà lè jẹ́ oògùn. Nígbà tí oògùn gidi dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fi dá páropáro, tí kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́, wọ́n kó àwọn ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ síbẹ̀. Ní ìparí ọdún 1916, ṣọ́jà kan tí àfọ́kù bọ́ǹbù bà nítan lójú ogun Somme, ní ilẹ̀ Faransé, wà lára wọn. Adolf Hitler ni. Lẹ́yìn ogun kejì, ní 1945, àwọn ọmọ ogun Soviet, ìjọba àpapọ̀ tí Rọ́ṣíà ṣe olórí rẹ̀, gbà á, wọ́n sì lò ó títí di 1994. Ọdún 49 gbáko. Erich Honecker tó ti ṣe olórí Jámánì Ìlà-Oòrùn fara pamọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Moscow ní 1991. Nígbà tí Jámánì méjèèjì ti di ọ̀kan, àwọn ọmọ ogun Soviet ní láti padà sílé, wọ́n sì kó ilé ìwòsàn wọn lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Ẹni tó ń lò ó kọ́ ló ni ín. Ilé 60 bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò ní ṣọ́jà láti tọ́jú, tí owó tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe kò sì tó. Ilé iṣẹ́ tó rà á wọ gbèsè. Omi ló pa ilé yòókù. Ní Ìtòkú àti ní ẹ̀yìn Ṣàpọ́n, gbogbo wa la ti rí i: bí atẹ́gùn bá ti ṣí páànù kan ṣoṣo lórí ilé àtijọ́, tí kò sí ẹni tó gun òkè lọ kàn án, kí òjò ọdún kejì tó dá, ògiri ti ya. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní Beelitz, àfi pé yìnyín kún tiwọn. Lónìí wọ́n ti tún lára rẹ̀ ṣe, àwọn kan ń gbé níbẹ̀, apá kan ṣì jẹ́ ilé ìtọ́jú, wọ́n sì la afárá ẹlẹ́sẹ̀ gba orí igi kọjá ní 2015 kí àlejò lè máa wo àwókù náà láti òkè láìwọ inú rẹ̀.

Àwọn ibòmíràn wó tiwọn ni. Ní Netley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn ológun kan wà tó gùn tó ìdá mẹ́rin máìlì kan, tí Ọba Victoria fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1856. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, rí àwòrán rẹ̀, ó sì fárígá. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n fún ní ojú òkun àti afẹ́fẹ́, wọ́n wá kọ ojú wọ́ọ̀dù sí ẹ̀yìn. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí kò ní afẹ́fẹ́ mọ ìdí tí inú fi bí i. Wọn kò gbọ́, torí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1966 wọ́n wó o palẹ̀, ilé ìsìn inú rẹ̀ nìkan ló kù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ ilé ọ̀tọ̀ ní 1870 fún àwọn ṣọ́jà tí ọkàn wọn dàrú. Nígbà tí mo kà á, Lántòrò ló wá sí mi lọ́kàn.

Ṣé kí ènìyàn wá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ọmọ náà má ṣe é láìgbàṣẹ, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ onígi tó ti jẹrà máa ń mú ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn tó ń kó irin tà ti ṣí ìdérí kòtò lọ, tọ́ọ̀ṣì kì í sì í fi kòtò hàn títí ẹsẹ̀ yóò fi wọ inú rẹ̀. Àjà àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos ṣe máa ń tú eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí wọ́n bá fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó jẹ́ ti ológun nílẹ̀ wa, bó ti wù kó dà bí ahoro tó, ti ológun ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, ní ìlú Goiânia ní Brazil, ilé ìwòsàn kan tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ti kó lọ sí ibòmíràn, ó sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ nínú ilé àtijọ́. Ológun kọ́ ni wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni: àwọn ènìyàn lọ, ohun èlò kù. Ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n tú irin rẹ̀, wọ́n tà á fún ẹni tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Lóru, ọkùnrin tó rà á rí i pé nǹkan kan ń tàn nínú rẹ̀, aró bí ojú ọ̀run. Ó lẹ́wà lójú rẹ̀. Ó pín ìyẹ̀fun náà fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Àwọn kan fi pa ara. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan fọwọ́ kàn án, ó sì jẹun. Ènìyàn mẹ́rin ló kú, òun náà wà lára wọn. Wọ́n yẹ ènìyàn bí 112,000 wò, wọ́n rí ìyẹ̀fun onítànṣán náà lára 249. Ní Abẹ́òkúta yìí, àwọn ọmọ tó ń ti báàrù kiri láti ra kóńdẹ́ẹ̀mù pọ̀. Bí wọ́n bá bá irin kan pàdé nílé ìwòsàn àtijọ́, tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ní àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó ń kìlọ̀ nípa ìtànṣán, kí wọ́n má tú u. Kí wọ́n jìnnà sí i, kí wọ́n sọ fún agbófinró.

Ohun kan kù, tí àwọn tó ń ya fídíò kì í rò. Bí ẹ bá rí fáìlì aláìsàn nílẹ̀, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ lè ti kú, àmọ́ ọmọ rẹ̀ ń bẹ láyé. Nígbà tí a bá ń kọ àkọsílẹ̀ lóru, a máa ń rò pé dókítà àti nọ́ọ̀sì àárọ̀ nìkan ló máa kà á.

Ní ti òkú tó ń rìn, èmi ti pa ojú òkú dé pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, lóru, lémi nìkan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹyẹlé ló ń pariwo nínú òrùlé àwọn ilé wọ̀nyẹn, páànù tó ṣí ló ń lù. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ọmọ ogun wa pàdé, ní Taukkyan ní Bọ́mà ni. Orúkọ bí 27,000 tí kò ní sàréè ló wà lára òpó òkúta níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, èmi àti ọmọ náà gba Lántòrò kọjá nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti sọ fún un nípa àbúrò bàbá mi àgbà tí gbogbo agbo ilé wa ń pè ní Bàbá Bọ́mà, tí kì í sùn láìkọ ojú sí ẹnu ọ̀nà, tó máa ń bọ́ sábẹ́ tábìlì bí àrá bá sán. Ọmọdé ni wá, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní, "ṣé wọ́n gbé Bàbá Bọ́mà wá síbí?"

Mo ní rárá. Ẹbí kò gbà. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ òun kò ní wọ ilé ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n fún un ní yàrá tó wà lẹ́bàá àgbàlá, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ohun tó rí. Ó wọ bàtà sùn títí ó fi kú.